Nígbà Tí Ẹsẹ̀ Kọ̀, Tí Iyè Sì Ra

(Ọ̀rọ̀ àsọyé fún àwọn ẹbí tó ń tọ́jú aláìsàn nílé, ní Adó-Èkìtì)

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ pa oko àti ọjà tì wá síbí lówùúrọ̀ yìí, mo kí yín. Ẹ kú ìjókòó. Ẹ kú àìsùn. Ẹ kú ìrọ́jú. Èkìtì kete, ilẹ̀ iyì, ilẹ̀ ẹ̀yẹ, mo kí yín o. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín fi aláìsàn sọ́wọ́ aládùúgbò kí ẹ tó lè jáde, ojú yín ò sì kúrò lára aago. A ò ní fi ìkíni pa àkókò.

Ẹ wo àgbẹ̀ kan. Ẹni ọdún 45 ni, mọ́tò gbá a lórí ọ̀kadà lójú ọ̀nà Ìkẹ́rẹ́. Mi ò dárúkọ, torí kì í ṣe ẹnì kan ṣoṣo: irú rẹ̀ pọ̀ láti Ọ̀mùò dé Ẹ̀fọ̀n. Ó lo ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ní ọsibítù, wọ́n ní kó máa lọ sílé. Apá òsì àti ẹsẹ̀ òsì ti rọ. Àfẹ̀mọ́jú ọjọ́ kejì tó délé, àwọn ará ilé gbọ́ gbì! Bàbá ti ṣubú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Wọ́n bi í pé kí ló dé tó fi dìde. Ó ní oko lòun ń lọ. Wọ́n gbé e padà, wọ́n ní, "Bàbá, ẹsẹ̀ yín ò tíì gbé yín o." Ó gbọ́. Ó mi orí. Kò tó wákàtí kan, gbì! ló tún dún.

Ìbéèrè mi rèé: kí ló ń ṣe bàbá yìí? Ṣé agídí ni? Ṣé kò gbọ́ràn ni? Rárá o. Ó gbọ́, ṣùgbọ́n kò rántí pé òun gbọ́. Ẹsẹ̀ ló rọ, iyè ló gbé e ṣubú.

Ohun tí mo bá wá nìyẹn. Bí ẹ bá ń tọ́jú ẹsẹ̀ láìtọ́jú iyè, ilẹ̀ ni ẹ ó ti máa ṣà á. Bí ẹ bá ń tọ́jú iyè láìtọ́jú ara, egbò ìdí ni yóò gbé e lọ. Ẹ̀bi ọ̀kan máa ń hàn lára èkejì ni, wọn kì í rìn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Kí ló bàjẹ́ gan-an?

Ọ̀nà méjì ni ìjàm̀bá fi ń mú ènìyàn rọ. Ọ̀kan ni kí ọpọlọ fara gbọgbẹ́. Ọpọlọ apá ọ̀tún ló ń darí ara apá òsì, ti òsì ló ń darí ọ̀tún. Ìdí nìyẹn tó fi sábà máa ń jẹ́ ẹ̀gbẹ́ kan ló ń rọ. Èkejì ni kí okùn tó wà nínú ọ̀pá ẹ̀yìn fara pa. Bó bá jẹ́ ní ọrùn, tapá-tẹsẹ̀ ló kàn. Bó bá jẹ́ ní ẹ̀yìn tàbí ìbàdí, ẹsẹ̀ méjèèjì ni. Okùn ẹ̀yìn kì í mú ènìyàn gbàgbé nǹkan. Bí ẹni tó rọ lẹ́sẹ̀ méjèèjì bá tún ń gbàgbé, a jẹ́ pé orí náà fara gbá nínú ìjàm̀bá yẹn, kódà bí kò bá sí ojú ọgbẹ́ kankan níbẹ̀. Kí ẹ tó kúrò ní ọsibítù, ì báà jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀ ní Ìdó-Èkìtì, ì báà jẹ́ ti yunifásítì ìpínlẹ̀ wa ní Adó níbí, ẹ bi dókítà níbi tó bàjẹ́ gan-an, àní egungun ẹ̀yìn kelòó, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ ó rí ìwúlò rẹ̀ láìpẹ́.

Iyè wá ńkọ́? Iyè kì í ṣe àpò kan ṣoṣo. Ibi tí ọpọlọ ń kó ohun àtijọ́ sí yàtọ̀ sí ibi tó ti ń gba ohun tuntun wọlé, ẹnu ọ̀nà ìgbàwọlé yìí ni ìjàm̀bá sì ń tètè bà jẹ́. Òun ni bàbá fi rántí orúkọ tíṣà tó nà án ní pírámárì, tí kò sì rántí pé òun ti jẹun àárọ̀. Àwọn ará ilé á ní, "Ó kàn ń ṣe é ni. Bí iyè rẹ̀ bá ra lóòótọ́, báwo ló ṣe rántí tíṣà?" Kò ṣe é o. Tíṣà ti wà nínú ilé kí ilẹ̀kùn tó bàjẹ́.

Ihò tó kù sílẹ̀ yẹn náà ló ń mú kó máa sọ ohun tí kò ṣẹlẹ̀: pé òun lọ Ìjerò lánàá, pé ẹ̀gbọ́n òun wá kí òun. Irọ́ kọ́. Ẹni tó ń purọ́ mọ òótọ́ tó ń fi pamọ́. Ẹni yìí ò mọ̀ ọ́n. Ohun tí ọpọlọ rí nítòsí ló fi ń dí ihò. Ẹ má bá a jiyàn, ẹ má sì kín in lẹ́yìn. Ẹ yí ọ̀rọ̀ padà sí ohun tó wà níwájú yín.

Ọjọ́ ìjàm̀bá gan-an lè má padà sí iyè rẹ̀ láé, nítorí náà ẹ yé bi í bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ọjọ́ tí ẹ máa ṣọ́ ni ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í rántí ohun àná, tí ọ̀túnla tún rí bẹ́ẹ̀, láìyẹ̀. Ẹ kọ déètì yẹn fún dókítà. Iye ọjọ́ láti ìgbà ìjàm̀bá sí ìgbà náà wà lára ohun tí wọ́n fi ń mọ bí ọgbẹ́ ọpọlọ ṣe jinlẹ̀ tó. Bó bá ju ọjọ́ 7 lọ, ọgbẹ́ náà wúwo. Oṣù 6 àkọ́kọ́ ni ara máa ń yára padà jù, ó tún ń tẹ̀ síwájú títí di bí ọdún 2, lẹ́yìn ìyẹn ó ń rọra ni, kò dúró. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ gbówó wá, pé láàárín ọjọ́ 21 aláìsàn yín á máa sáré, ẹ sọ fún un pé ọjọ́ kejìlélógún ni kó wá gbowó.

Awọ ara kì í pariwo

Ẹ jẹ́ kí n jókòó sórí ọ̀rọ̀ egbò ìdí díẹ̀, torí òun ló ń pa ẹni tí ìjàm̀bá kò pa.

Ẹ̀yin tí ẹ wà lórí bẹ́ǹṣì yìí, láti ìgbà tí mo ti ń sọ̀rọ̀, ẹ ti sún ìdí ẹ̀ẹ̀melòó? Ẹ ò kà á. Ìdí ń ro yín, ẹ sún. Kódà nínú oorun à ń yí. Ẹni tó rọ lè má mọ̀ ọ́n lára; ẹni tó sì mọ̀ ọ́n lára, kò rántí pé kóun yí. Egungun á fún ẹran ara mọ́ fóòmù, ẹ̀jẹ̀ ò ráyè kọjá, láàárín wákàtí mélòó kan ẹran ibẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í kú láti inú wá síta. Nígbà tí ẹ bá fi rí egbò tí kò ju kọ́bọ̀ lọ lókè, ó ti lè tó ìkúùkù nísàlẹ̀.

Wákàtí méjì-méjì ni kí ẹ máa yí i, tọ̀sán-tòru: ẹ̀yìn, òsì, ọ̀tún. Bí ẹ bá yí i sí ẹ̀gbẹ́, ẹ má jẹ́ kó fi egungun ìbàdí gúnlẹ̀ ṣánṣán. Ìrọ̀rí ni kí ẹ fi ti ẹ̀yìn rẹ̀ kó kàn fì, bí ìdá kan nínú mẹ́ta ọ̀nà. Ìrọ̀rí kan sáàárín orúnkún. Òmíràn sábẹ́ ẹsẹ̀ láti ìsàlẹ̀ orúnkún dé ọrùn ẹsẹ̀, tí gìgísẹ̀ á fi wà lófuurufú, tí bébà á lè gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Ẹ má wọ́ ọ lórí ibùsùn, wíwọ́ a máa bó awọ: ènìyàn méjì ni kó di aṣọ abẹ́ rẹ̀ mú, kí wọ́n gbé e. Kí aṣọ ibùsùn tẹ́jú. Kóró bísíkíìtì kan, bọ́tìnì kan, kókó ìró kan tó bọ́ sábẹ́ ìdí láti alẹ́ dòwúrọ̀, egbò ti dé nìyẹn. Bó bá wà lórí àga, ìṣẹ́jú 15 sí 30 síra ni kí ẹ máa ràn án lọ́wọ́ láti gbé ìdí tàbí kó fì síwájú, kó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́. Àwọn kan ra fóòmù oníná tó ń fẹ́ tó sì ń rọ̀ fúnra rẹ̀. Ó dára, ṣùgbọ́n ẹ mọ bí iná ṣe ń ṣe wá. Bí iná bá lọ, fóòmù á rọ̀ pátápátá, egungun á kanlẹ̀. Ẹ ní in, ẹ ṣì máa yí i.

Láàárọ̀ àti lálẹ́, ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo ìbàdí, òkè ìdí, gìgísẹ̀, ìgúnpá, pátákó ẹ̀yìn, etí àti ìpàkọ́. Wọ́n á ní kí ẹ ṣọ́ ibi tó pọ́n. Lára awọ dúdú, kì í sábà pọ́n o! Ibi tó dúdú ju agbègbè rẹ̀ lọ ni kí ẹ wò, tàbí tó ṣe bí àwọ̀ àlùkò, tó gbóná tàbí tó tutù ju tòsí lọ, tó le tàbí tó rọ̀ bí èso tó ti fẹ́ bàjẹ́. Bí ẹ bá rí i, kó má fara lé ibẹ̀ mọ́ títí yóò fi padà sípò. Ẹ má fi ọwọ́ ra á, ẹ má fi sípírítì pa á, ẹ má fi òṣùká sábẹ́ rẹ̀. Mo mọ̀ pé òṣùká dà bí ọgbọ́n, ṣùgbọ́n etí òṣùká yẹn náà ń fún ẹ̀jẹ̀ pa ní àyíká ibi tí ẹ fẹ́ gbà là. Bí awọ bá ti là, omi sísè ìlàjì lítà tó ti tutù, tí ẹ da ṣíbí tíì iyọ̀ kan sí, ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́, kí ẹ sì bo ó. Eérú kọ́, ọ̀ṣẹ ìfọyín kọ́, ọ́ìlì mọ́tò kọ́. Bó bá jìn, tó ń rùn, tàbí tí ibà wọ̀ ọ́, ọsibítù ni. Kí ẹ sì máa fún un ní ẹyin, ẹ̀wà, ẹja. Láìsí irú wọn egbò kì í tètè jiná.

Ọ̀rẹ́ egbò yìí ni ọ̀rọ̀ omi gbígbóná. Ẹni bá wá kí aláìsàn á ní, "Ẹ fi omi gbóná àti táwẹ́ẹ̀lì jó ẹsẹ̀ yẹn dáadáa." Ẹsẹ̀ tí kò mọ ìnira kò ní kígbe. Awọ á ti bó kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀. Ẹ fi ìgúnpá tiyín tọ́ omi wò kí ẹ tó fi kàn án, ì báà ṣe omi inú garawa, ì báà ṣe omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ Ìkógòsì tí wọ́n ní ká gbé e lọ wẹ̀. Gbẹ́rẹ́ náà ńkọ́? Kì í ṣe pé ẹsẹ̀ yẹn ṣẹ́ ló fi rọ, kì í sì í ṣe ẹ̀jẹ̀ dídì tí ẹ fẹ́ tú jáde ló mú un rọ; òkè ni wàhálà wà, nínú orí tàbí nínú ọ̀pá ẹ̀yìn. Gbẹ́rẹ́ kàn máa ṣí ilẹ̀kùn fún kòkòrò lára awọ tí kò ní mọ̀ pé kòkòrò ti wọlé.

Oúnjẹ, ìtọ̀, oríkèé ara

Iyán loúnjẹ, ọkà loògùn, àìrí rárá là ń jẹ̀kọ. Ta ni yóò sọ ìyẹn fún ará Èkìtì? Ṣùgbọ́n nílé ẹni tí ọ̀fun rẹ̀ ò ṣe dáadáa, mo bẹ yín, ẹ yí òwe yìí po: ẹ̀kọ ló ṣáájú. Iyán a máa lẹ̀ mọ́ ọ̀fun. Omi lásán tí a rò pé ó rọrùn jù, òun gan-an ló tètè ń ṣìnà bọ́ sí ọ̀nà èémí, torí ó ń yára ju ọ̀fun tó ti lọ́ra lọ. Ẹ̀kọ mímu tó ki, mọ́ínmọ́ín rírọ̀, ẹyin tí a lọ̀ mọ́ ọbẹ̀ ló sàn. Kó jókòó ṣánṣán, kó tẹ àgbọ̀n wálẹ̀ díẹ̀, ṣíbí kékeré ni, kó gbé ti àkọ́kọ́ mì kí èkejì tó dé. Iyè rẹ̀ á mú kó gbàgbé oúnjẹ sẹ́nu: ẹ sọ fún un pé, "Ẹ gbé e mì," kí ẹ sì wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀gbẹ́ tó rọ, ibẹ̀ ni òkèlè ń sá pamọ́ sí. Bó bá jẹun tán, kó wà ní ìjókòó fún ìṣẹ́jú 30. Bó bá ń wúkọ́ nídìí oúnjẹ, tí ohùn rẹ̀ ń dún bí ẹni tí omi wà lọ́fun, tàbí tí ibà ń tẹ̀lé oúnjẹ, ẹ sọ fún dókítà. Àwọn míì kì í wúkọ́ rárá, ibà yẹn nìkan ni àmì.

Rọ́bà ìtọ̀, èyí tí wọ́n kì bọ ojú ara kí ìtọ̀ lè máa gbà á wá sínú àpò. Kí àpò rẹ̀ máa wà nísàlẹ̀ ju abẹ́ ikùn lọ, kó má sì kanlẹ̀. Ẹ dà á nù bó bá kún dé ìdá méjì nínú mẹ́ta. Rọ́bà lásán, bí ọ̀sẹ̀ 4 ni à ń pààrọ̀ rẹ̀. Èyí tó jẹ́ sílíkónì lè tó ọ̀sẹ̀ 12. Kí nọ́ọ̀sì kọ déètì sára àpò. Ẹni tó ń gbàgbé kò mọ ohun tí rọ́bà ń ṣe lára òun, ó máa fà á yọ ni, bọ́ọ̀lù kékeré tó wú nínú lọ́hùn-ún á sì ya á lára, ẹ̀jẹ̀ á máa dà. Ẹ má so ọwọ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ lẹ rọ́bà mọ́ itan, ẹ fi gba abẹ́ ṣòkòtò kí ojú rẹ̀ má rí i, ẹ fún ọwọ́ rẹ̀ ní nǹkan tí yóò máa mú.

Ibí ni mo ti ní kí ẹ bi dókítà níbi tó bàjẹ́. Bí okùn ẹ̀yìn bá bàjẹ́ níbi egungun ọ̀pá ẹ̀yìn kẹfà ní agbègbè àyà tàbí lókè rẹ̀, bí rọ́bà bá ká tàbí ìgbẹ́ bá dí, ẹ̀jẹ̀ ríru lè fò sókè lójijì: orí á máa fọ́ ọ gidigidi, òógùn á bo ojú. Ẹ gbé e jókòó kíá, ẹ tú bẹ́líìtì, ẹ na rọ́bà tó ká. Bí kò bá wálẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ẹ gbé e lọ ọsibítù, ẹ má dúró kí ilẹ̀ tó mọ́. Ìgbẹ́ fúnra rẹ̀ fẹ́ àkókò kan náà lójoojúmọ́ ni, bí ìṣẹ́jú 20 sí 30 lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀, nígbà tí ìfun ń jí.

Apá tó rọ kì í ṣe ibi ìdìmú. Èjìká rẹ̀ kò ní iṣan tó dì í mọ́, bí ẹ bá fi apá fa aláìsàn dìde, èjìká á yẹ̀. Ẹ fi ìrọ̀rí gbé apá náà nígbà gbogbo. Lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, ẹ rọra ṣí oríkèé kọ̀ọ̀kan, ká a, nà án, bí ìgbà 5 sí 10, títí dé ibi tó bá lọ láìjà. Fífi agbára yọ oríkèé a máa dá ọgbẹ́ sínú iṣan, egungun tuntun a sì lè hù níbi tí egungun kò yẹ kó wà.

"Ṣé ẹ mọ̀ mí?"

Èyí tó kàn yìí, àwa Yorùbá la jẹ̀bi rẹ̀. A lọ kí aláìsàn. A dúró níwájú rẹ̀, a rẹ́rìn-ín, a ní, "Bàbá, ṣé ẹ mọ̀ mí? Ta ni mí?" Ìfẹ́ ni, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò. Ènìyàn 10 wọlé lóòjọ́, àwọn mẹ́wẹ̀ẹ̀wá bi í. Ìdánwò mẹ́wàá, ó fìdí rẹmi nínú mẹ́sàn-án, níwájú ọmọ àti àna. Àgbàlagbà ni. Ó lè má mọ orúkọ rẹ, àmọ́ ó mọ̀ pé ó yẹ kóun mọ̀ ọ́n. Bó bá wá di ìrọ̀lẹ́, tó ń bínú, tí kò fẹ́ jẹun, a ní àìsàn ló ń dún mọ́ ọn.

Ẹ sọ orúkọ yín fún un. "Ẹ káàsán o, Bàbá. Èmi Fúnmi ni, ọmọ àbúrò yín obìnrin tó wà ní Ìkọ̀lé. Mo gbé ọsàn wá." Ó tán. Ẹ kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn fún àlejò: ẹ sọ orúkọ yín, ẹ sọ bí ẹ ṣe jẹ́ sí i, ẹ má bi í ní ìbéèrè ìrántí, ẹni méjì ló ń wọlé lẹ́ẹ̀kan, ìṣẹ́jú 20 ti tó. Wọ́n á ní ẹ̀ ń gbéra ga. Ẹ fara dà á.

Nísinsìnyí, iyè tí kò sí nínú orí, ẹ gbé e sára ògiri àti sínú ìwé. Ẹ ra ìwé kíkọ kan. Kan ṣoṣo, kí ẹ so ó mọ́ ibùsùn, torí bó bá di méjì, ìwé méjèèjì á máa ta kora. Ojú ewé àkọ́kọ́, ẹ kọ ọ́ bí ẹni pé òun fúnra rẹ̀ ló ń sọ ọ́: "Ilé mi ni mo wà. Mọ́tò gbá mi. Ẹsẹ̀ òsì mi ò tíì lè gbé mi. Kí n tó dìde, mo máa lu agogo." Àwọn ojú ewé yòókù: oúnjẹ àti àkókò rẹ̀, oògùn, ìgbà tí ẹ yí i àti ẹ̀gbẹ́ tí ẹ yí i sí, ẹni tó wá. Nígbà tó bá ní ẹ kò fún òun lóúnjẹ látàná, ẹ má jiyàn, ẹ ṣí ìwé. Ìwé kan náà ni ẹni tó gba iṣẹ́ òru yóò fi mọ ẹ̀gbẹ́ tó kàn. Ẹni tí kò mọ̀wé ńkọ́? Ẹ fi ohùn tirẹ̀ gba ọ̀rọ̀ yẹn sínú fóònù, kí ẹ máa ṣí i fún un láràárọ̀. Ẹ lẹ fọ́tò àwọn ọmọ mọ́ ògiri. Aago ńlá, kàlẹ́ńdà tí à ń fa igi sí, rédíò tó ń sọ ọjọ́.

Agogo tí mo dárúkọ yẹn, bí a ṣe ń kọ́ ọ rèé. Ẹ kọ́kọ́ sọ ìdáhùn fún un: "Kí ẹ tó dìde, ẹ máa lu agogo." Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ẹ bi í: "Kí lẹ máa ṣe kí ẹ tó dìde?" Bó bá dáhùn, kó lu ú. Ẹ tún bi í lẹ́yìn ààbọ̀ ìṣẹ́jú. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 1. Lẹ́yìn 2. Lẹ́yìn 4, 8, 15. Bó bá ṣì í, ẹ má ní kó gbìyànjú kó rántí. Ẹ sọ ọ́ fún un lójú ẹsẹ̀, kí ẹ padà sí àlàfo tó mọ̀ gbẹ̀yìn. Ẹni tí iyè rẹ̀ ra, àṣìṣe tó bá sọ náà ń wọlé jókòó bí òótọ́. Ọ̀nà kan náà ni ẹ ó fi kọ́ ọ láti ti bíréèkì méjèèjì àga oníkẹ̀kẹ́ kó tó bọ́ sílẹ̀. Ohun kan lẹ́ẹ̀kan. Ẹ má kó márùn-ún lé e lórí.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ àgbẹ̀ wa. Kí ló dé tó jẹ́ àfẹ̀mọ́jú ló ń ṣubú? Àtijọ́ ló ń jí i! Ogún ọdún, ọgbọ̀n ọdún, aago márùn-ún ló ń dìde lọ oko. Ìyẹn kò bàjẹ́ níbi tí iyè tuntun ti bàjẹ́. Ẹ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ní aago márùn-ún ku díẹ̀, pẹ̀lú ìgò ìtọ̀, ẹ̀kọ gbígbóná díẹ̀, àti rédíò. Ẹ jẹ́ kí ibùsùn rẹ̀ rẹlẹ̀, kí ẹ̀gbẹ́ tó rọ kọjú sí ògiri. Ohun àtijọ́ yìí kan náà tó ń gbé e ṣubú lè gbé e dìde: oríkì, orin ìsìn, àdúrà tó ti kọ́ sórí láti kékeré sábà máa ń dúró. Bí ẹ bá ń ṣí apá rẹ̀, ẹ ki í. Ẹ jẹ́ kí oríkì ka iye ìgbà.

Ìbéèrè kan wà tí ẹbí máa ń bẹ̀rù jù. Aláìsàn mìíràn wà tí ìyàwó rẹ̀ kú nínú ìjàm̀bá tó ṣe é. Ó ń béèrè lójoojúmọ́ pé, "Ìyá wọn dà?" Ẹ sọ fún un lónìí, ó sunkún, ẹ sọ fún un lọ́la, òkú ṣẹ̀ṣẹ̀ kú ni. Àwọn kan á ní ó lọ ọjà. Èmi ò fara mọ́ ọn: á jókòó máa dúró dè é, ọmọ kékeré kan á sì tú àṣírí. Ẹ sọ ọ́ fún un lẹ́ẹ̀kan dáadáa, lọ́sàn-án, kí ẹni tó fọkàn tán mú un lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà, bó bá béèrè ibi tó wà, ẹ bá ọkàn rẹ̀ sọ̀rọ̀: "Ẹ ti ń rò ó láti àárọ̀. Ẹ sọ bí ẹ ṣe pàdé fún mi." Bó bá bi yín gbangba pé ṣé ó ti kú ni, ẹ má purọ́. Kí gbogbo ilé sì máa sọ ohun kan náà.

Wọ́n ti pa á níyè dà?

Ọkùnrin tí kì í bú ènìyàn wá ń bú ìyá àgbà. Ó ń sọ ọ̀rọ̀kọ́rọ̀ sí ọmọbìnrin. Ó ń ju abọ́. Àwọn kan á ní wọ́n ti pa á níyè dà, pé ayé ni. Iwájú ọpọlọ, lẹ́yìn iwájú orí níbí, ló ń ká ènìyàn lọ́wọ́ kò, ibẹ̀ sì wà lára ibi tó ń tètè fara gbá nígbà tí orí bá lu nǹkan. Ẹ dín ariwo kù, ẹ dín èrò kù, ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mélòó kan, ẹ padà wá bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ní tirẹ̀, kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́, ó ti gbàgbé. Ẹ gbàdúrà, mi ò ní kí ẹ má gbà á. Ṣùgbọ́n kí àlùfáà kankan má fi ààwẹ̀ gba oúnjẹ rẹ̀, kó má tẹ́ ẹ sórí ẹní lásán, kó má nà án, kó má sì ní kó dá oògùn dúró. Oògùn wárápá àti oògùn tó ń dẹ iṣan, bíi baclofen, tí a bá já lójijì, wárápá lè tẹ̀lé e. Piriton àti oògùn oorun tí ẹ ń rà ní kẹ́mísì kí ilé lè sinmi ń tún iyè tó kù bò mọ́lẹ̀. Ẹ béèrè kí ẹ tó fún un.

Ilé, ẹbí, owó

Ilẹ̀ òkè ni Èkìtì, àtẹ̀gùn pọ̀ nílé wa. Fún ínǹṣì 1 tí ẹnu ọ̀nà bá fi ga, ibi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí ẹ máa fi sìmẹ́ńtì ṣe fún àga oníkẹ̀kẹ́ gbọ́dọ̀ gùn tó ínǹṣì 12. Àtẹ̀gùn kan tó ga ní ínǹṣì 7, ẹsẹ̀ bàtà 7 nìyẹn. Bírìkìlà á ní ó ti gùn jù, á gé e kúrú. Ẹni tó bá ti àga náà kì í ṣe bírìkìlà. Fún ṣalángá, kí káfíńtà gbẹ́ àga tó ní ihò, tó lápá méjèèjì, kí ẹ gbé garawa sábẹ́ rẹ̀.

Ta ló ń yí i lóru? Ìyàwó. Ta ló ń fọṣọ? Ìyàwó. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ẹ̀yìn ìyàwó á dá. Àwọn bàbá wa mọ àáró: lónìí a ṣe oko tìrẹ, lọ́la a ṣe tèmi. Ẹ pín ìtọ́jú bẹ́ẹ̀, sórí bébà, pẹ̀lú orúkọ: ẹni tó ni òru Mọ́ńdè, ẹni tó ń mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà, ẹni tó ń ra oògùn. Ẹni tó wà ní Èkó tí kò lè wá, kó san owó ẹni tí yóò sùn níbẹ̀ ní òru méjì lọ́sẹ̀. "Ẹ kú ìtọ́jú o" lórí fóònù kò yí ẹnikẹ́ni sẹ́gbẹ̀ẹ́. Kí ẹ sì gba ìwé ọlọ́pàá lórí ìjàm̀bá náà, kí ẹ kọ nọ́ńbà ọkọ̀ àti orúkọ iléeṣẹ́ ìbánigbófò rẹ̀. Ìbánigbófò tí òfin sọ pé kí gbogbo ọkọ̀ ní, tó di ₦15,000 fún ọkọ̀ àdáni láti January 2023, wà fún ẹni tí ọkọ̀ náà bá ṣe léṣe. Ọ̀pọ̀ ẹbí ò béèrè rárá.

Ìgbà tí ẹ ò gbọ́dọ̀ dúró

Bó bá mọ orúkọ yín ní Mọ́ńdè tí kò mọ̀ ọ́n ní Tọ́sìdeè, kì í ṣe pé arán ti wọ̀ ọ́. Ó lè jẹ́ ìtọ̀ tó ní kòkòrò, ibà, tàbí ẹ̀jẹ̀ tó rọra ń jò yí ọpọlọ ká, irú ẹ̀jẹ̀ yẹn sì lè yọjú lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Orí fífọ́ tó ń le sí i, èébì, oorun tí kò ṣeé jí: ẹ máa lọ sí ọsibítù. Ẹsẹ̀ kan tó wú ju èkejì lọ, ẹ má fi ọwọ́ ra á, ẹ̀jẹ̀ tó dì lè gbéra lọ sí ẹ̀dọ̀fóró. Bí wárápá bá mú un, ẹ yí i sí ẹ̀gbẹ́, ẹ wo aago, ẹ má ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ẹ má da nǹkan kan sí i lẹ́nu. Bó bá kọjá ìṣẹ́jú 5, ọsibítù ni. 112 ni nọ́ńbà pàjáwìrì. Ẹ kọ nọ́ńbà awakọ̀ àdúgbò yín náà sí ẹ̀yìn ìwé yẹn.

Mo ti sọ̀rọ̀ tó. Fóòmù ló wà nílẹ̀ níbí, ìrọ̀rí mẹ́rin, aṣọ ibùsùn kan. Mo fẹ́ ẹnì kan tó máa dùbúlẹ̀ bí ẹni tó rọ lápá òsì, àti ẹni méjì tó máa yí i. Ẹ̀yin ìyá, ẹ jókòó jẹ́ẹ́, ẹ̀yin ti ń yí i tẹ́lẹ̀. Ẹ̀yin ọkùnrin tó wà lẹ́yìn lọ́hùn-ún, ẹ máa bọ̀ níwájú.